Orí Kẹsàn-án: Èérún Òòfà Onínánò tí a Fi Omi Ewé Bò

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, tó sì ṣe iṣẹ́ tó wà ní ìparí rẹ̀, yóò lè:

- sọ ohun tí èérún nánò jẹ́, kí ó sì fi ìṣirò hàn ìdí tí kíkéré rẹ̀ fi ń fún un lágbára;
- ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe magnetáìtì láti inú iyọ̀ irin méjì, àti bí èròjà ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lára;
- mọ magnetáìtì yàtọ̀ sí àwọn ohun dúdú mìíràn tí irin àti ewé lè bí;
- ṣètò ìdánwò tí yóò fi hàn bóyá agbára tí a rí jẹ́ ti ewé, ti irin, tàbí ti àwọn méjèèjì.

9.1 Ìṣòro tí a ń wá ojútùú sí

Ìṣirò tí ìwé ìròyìn ìṣègùn *The Lancet* gbé jáde ní 2022 fi hàn pé ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ló kú káàkiri ayé nítorí pé oògùn kò ran bakitéríà tó wà lára wọn mọ́. Apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n: 27.3 nínú 100,000. Ní 2018, ìjọba Ghana gbé ètò orílẹ̀-èdè kalẹ̀ láti dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kumasi ní Ghana jẹ́ ibi tó dára láti ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà níbẹ̀. Kwame Nkrumah University of Science and Technology, tí gbogbo ayé ń pè ní KNUST, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ni nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1952, ó sì di yunifásítì ní 1961. Ọjà Kejetia tún wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ti ń ta ewé, egbò àti èèpo igi. Ọ̀kan nínú egbò tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ Asante ni nibima, *Cryptolepis sanguinolenta*, tí wọ́n ń sè mu fún ibà. Ní 1979, K. Boakye-Yiadom, onímọ̀ oògùn ní yunifásítì yìí, tẹ ìwádìí jáde pé omi tí a fi sè é ń dá kòkòrò àrùn dúró. Nítorí náà, wíwádìí agbára ewé lórí bakitéríà kì í ṣe ohun àjèjì ní Kumasi.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé omi ewé kì í pẹ́ bàjẹ́, bí a bá sì ti dà á sínú omi, kò sí bí a ṣe lè kó o padà. Ká ní a fẹ́ pa bakitéríà inú omi odò Wiwi tó gba inú ọgbà KNUST kọjá. Bí a bá da omi ewé sí i, omi náà yóò yí àwọ̀ padà, yóò korò, ohun tí a dà sí i yóò sì wà níbẹ̀. Ohun tí a ń wá ni ọ̀nà tí èròjà ewé yóò fi ṣiṣẹ́ rẹ̀, tí a ó sì lè fà á jáde nígbà tó bá ṣe é tán. Ibẹ̀ ni irin ti wúlò.

9.2 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Nánòmítà ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìdá mítà kan. Irun orí ènìyàn fẹ̀ láti nǹkan bí 50,000 dé 100,000 nánòmítà. Bakitéríà *E. coli* gùn tó nǹkan bí 2,000.

Èérún nánò ni èérún tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín 1 sí 100 nánòmítà.

Magnetáìtì ni ohun dúdú tí òòfà ń fà, tí irin àti ọ́síjìn para pọ̀ di. Àmì kẹ́mísírì rẹ̀ ni Fe₃O₄. Nínú gbogbo irin mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ Fe²⁺, méjì jẹ́ Fe³⁺. Bí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá bá a jà pẹ́, yóò di Fe₂O₃, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì máa pọ́n rúsúrúsú.

Omi ewé nínú orí yìí ni omi tí a ti se ewé, èèpo tàbí egbò nínú rẹ̀, tí a sì ti sẹ́ títí ó fi mọ́ láìsí pàǹtírí.

Ràdíkà ni átọ́ọ̀mù tàbí mólékù tó ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí kò ní ìkejì. Ó máa ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára ohun tó bá súnmọ́ ọn, ó sì ń ba pròtéènì, ọ̀rá àti DNA jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Antioxidant ni ohun tó lè fún ràdíkà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ń wá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní di eléwu. Polifẹ́nọ́ọ̀lù inú ewé, èso àti èèpo igi wà lára àwọn tó lágbára jù.

Ohun tó jẹ́ kí èérún nánò yàtọ̀ ni ara rẹ̀ tó fara hàn síta. Ẹ jẹ́ kí a mú kúúbù irin kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Gbogbo ara rẹ̀ tó fara hàn jẹ́ 6 cm². Bí a bá gé e sí kúúbù tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nánòmítà 10, a ó ní kúúbù 10¹⁸, ara ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ 6 × 10⁻¹⁶ m². Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 600 m². Irin náà kò pọ̀ sí i rárá, ṣùgbọ́n àyè tí èròjà ewé lè lẹ̀ mọ́ ti di ìlọ́po mílíọ̀nù kan.

Kíkéré yìí tún yí ìwà òòfà rẹ̀ padà. Òòfà ńlá máa ń fa ara wọn, wọn a sì dì pọ̀. Nígbà tí magnetáìtì bá kéré tó nǹkan bí nánòmítà 20 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ooru yàrá lásán ti tó láti máa yí ìdojúkọ òòfà inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí a bá gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, gbogbo wọn á ya lọ síbẹ̀. Bí a bá gbé e kúrò, wọn kò ní fa ara wọn mọ́, wọn á tún tú ká sínú omi. Ìwà yìí ni a ń pè ní superparamagnetism. Òun ló jẹ́ kí a lè lo èérún kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

9.3 Bí a ṣe ń ṣe é

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí René Massart, ará Faransé, ṣàlàyé ní 1981. A ń po iyọ̀ Fe²⁺ àti iyọ̀ Fe³⁺ pọ̀ sínú omi, ọ̀kan sí méjì, lẹ́yìn náà a ń da àmóníà tàbí sodium hydroxide sí i títí pH yóò fi wà láàárín 9 sí 11:

Fe²⁺ + 2Fe³⁺ + 8OH⁻ → Fe₃O₄ + 4H₂O

*Àpẹẹrẹ.* A wọn FeSO₄·7H₂O gíráàmù 2.78, ìyẹn 0.010 mol, àti FeCl₃·6H₂O gíráàmù 5.41, ìyẹn 0.020 mol. Bí iṣẹ́ náà bá lọ dé òpin láìsí àdánù, a ó rí Fe₃O₄ 0.010 mol, èyí tó jẹ́ gíráàmù 2.32. OH⁻ tí a nílò kò gbọdọ̀ dín sí 0.080 mol.

Ohun mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́: ọ́síjìn ń sọ Fe²⁺ di Fe³⁺ kí àmóníà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ gáàsì náítírójìn gba inú omi náà kọjá. Ìkejì ni ìgbóná, tó yẹ kó wà láàárín 60 sí 80 °C. Ìkẹta ni rírò ó léraléra, nítorí pé bí èérún bá ráyè gbá jọ ní ìdí ìgò, wọn á tóbi ju bí a ṣe fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a ó da omi ewé sí i, tí a ó sì máa rò ó fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ polifẹ́nọ́ọ̀lù ní OH méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òrùka kan. Méjèèjì á di irin tó wà lára èérún náà mú. Èyí ni ìbora. Ó ń dá èérún dúró kí wọ́n má dì pọ̀, ó ń dín ìpàdé irin pẹ̀lú ọ́síjìn kù, ó sì ń gbé èròjà ewé rìn. A ó wá gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, a ó da omi òkè nù, a ó fi omi àti ọtí etanọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan, a ó sì sá a gbẹ níbi tí kò gbóná jù.

9.4 Kì í ṣe gbogbo ohun dúdú ni magnetáìtì

Ìpín yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà jùlọ, nítorí pé ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a ń pè ní ṣíṣe nánò lọ́nà ewé.

Àwọn kan máa ń fo àmóníà. Wọ́n á da omi ewé tààrà sínú FeCl₃, àwọ̀ rẹ̀ á di dúdú lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èérún nánò irin ti dé. Àwọ̀ dúdú yẹn kò jẹ́rìí ohunkóhun. Tánìnì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú polifẹ́nọ́ọ̀lù, máa ń di Fe³⁺ mú, wọ́n á sì di àpòpọ̀ dúdú tí kì í ṣe magnetáìtì, tí òòfà kì í sì í fà bí ó ṣe ń fa magnetáìtì.

Àwọn ará Asante ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́ kí yàrá ìṣàyẹ̀wò tó dé. Ní Ntonso, lójú ọ̀nà tó lọ láti Kumasi sí Mampong, wọ́n ń se èèpo igi badie láti fi ṣe aró dúdú tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ adinkra. Badie jẹ́ ọ̀kan nínú ìran *Bridelia*, ìran kan náà tí igi ìrà wa wà. Nínú ìwé tí R. S. Rattray tẹ̀ jáde ní 1927 lórí ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà Asante, ó kọ ọ́ pé wọ́n máa ń fi ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, sínú èèpo tí wọ́n ń sè. Tánìnì láti inú èèpo, irin láti inú ìdàrọ́: aró dúdú ni wọ́n bí. Aró tó dára ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi òòfà fà á kúrò lára aṣọ.

Nítorí náà, ẹ̀rí mẹ́rin ni a ń béèrè kí a tó gbà pé magnetáìtì la ní:

1. Òòfà gbọ́dọ̀ fà á, kí omi tó ṣẹ́kù sì mọ́ kedere.
2. Àwòrán ẹ́síréè tó ń wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò gbọ́dọ̀ fi òkè gíga jùlọ hàn nítòsí 35.5°, bí a bá lo ìtànṣán bàbà. Aró tánìnì kì í ní òkè bẹ́ẹ̀.
3. Ìtànṣán infrared gbọ́dọ̀ fi àmì ìdè irin àti ọ́síjìn hàn nítòsí 580 cm⁻¹. Àmì OH tó fẹ̀ nítòsí 3,400 cm⁻¹ lè jẹ́ ti ìbora, ó sì tún lè jẹ́ ti omi tí kò gbẹ tán.
4. Agbára òòfà rẹ̀ tí a wọ̀n gbọ́dọ̀ bá magnetáìtì mu. Ti magnetáìtì ńlá tó nǹkan bí 92 emu nínú gíráàmù kan. Ti èérún tí a bò máa ń kéré sí i, nítorí pé ìbora wà nínú ìwúwo tí a wọ̀n, òòfà kì í sì í fa ìbora.

Maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni a fi ń mọ ìwọ̀n àti ìrísí wọn. Ẹ̀rọ yìí wọ́n, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì máa ń fi ẹ̀yà iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ síbi tó bá wà.

9.5 Ìdánwò lórí bakitéríà

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni èérún wọ̀nyí lè gbà pa bakitéríà. Wọ́n lè lẹ̀ mọ́ awọ ara rẹ̀ kí wọ́n sì dá a lu. Fe²⁺ tó bá yọ jáde lè bá hydrogen peroxide tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ irin àti hydrogen peroxide tí H. J. H. Fenton ṣàpèjúwe ní 1894, láti bí ràdíkà tó burú jù nínú gbogbo wọn:

Fe²⁺ + H₂O₂ → Fe³⁺ + OH⁻ + •OH

Ẹ̀kẹta ni èròjà ewé fúnra rẹ̀. Cryptolepine inú nibima, fún àpẹẹrẹ, máa ń wọ àárín àtẹ̀gùn DNA, tí kò fi ní lè ṣẹ̀dà ara rẹ̀ bó ti yẹ.

Bakitéríà pín sí ẹgbẹ́ méjì ńlá gẹ́gẹ́ bí aró tí Hans Christian Gram ṣe ní 1884 ṣe fi hàn. Àwọn Gram-positive bíi *Staphylococcus aureus* ní ògiri tó nípọn ṣùgbọ́n tó ṣí sílẹ̀. Àwọn Gram-negative bíi *E. coli* àti *Pseudomonas* ní awọ ọ̀rá kan síta tó ń dí ọ̀pọ̀ èròjà lọ́nà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ dán ẹgbẹ́ méjèèjì wò.

Ìdánwò pépà róbótó ló rọrùn jù: a ń tẹ́ bakitéríà sórí abọ́ ágà, ìyẹn oúnjẹ bakitéríà tó dì, a ń gbé pépà tó fẹ̀ ní mílímítà 6 tí a ti kì bọ ohun tí a ń dán wò sórí rẹ̀, a ń fi í sínú ooru bíi 35 °C mọ́jú, a sì ń wọn àyè àìhù tó yí pépà ká. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí máa ń rẹ́ èérún nánò jẹ. Mólékù kékeré ń rìn nínú ágà wọ́ọ́rọ́wọ́. Èérún kì í lè rìn jìnnà. Àyè àìhù tó kéré lè túmọ̀ sí pé èérún náà kò lágbára, ó sì lè túmọ̀ sí pé kò kúrò lójú kan. Ìdánwò inú omi oúnjẹ bakitéríà ló tọ́ sí i jù: a ń dín ìwọ̀n èérún kù ní ìdajì-ìdajì láti ìgò dé ìgò, a ó sì wá ìgò tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù tí bakitéríà kò ti lè hù. Ìwọ̀n yẹn ni a ń pè ní MIC.

Èyí tó wù kí a lò nínú méjèèjì, abọ́ tàbí ìgò kan ṣoṣo kò tó. A gbọ́dọ̀ ní:

- èérún tí a fi omi ewé bò;
- èérún tí a kò bò;
- omi ewé nìkan, ní ìwọ̀n kan náà tó wà lára èérún;
- oògùn tí a ti mọ agbára rẹ̀;
- omi tàbí ohun èlò tí a fi po wọn, láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Olùwádìí tó bá fo ìlà kejì àti ìkẹta kò lè sọ pé èérún òun sàn ju ewé tí ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà ní Kejetia lọ.

9.6 Ìdánwò lórí ràdíkà

DPPH ni ràdíkà tí a ń lò jù nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò, nítorí pé ó lè pẹ́ nílẹ̀. Àwọ̀ àlùkò ló ní. Bí antioxidant bá fún un ní ohun tó ń wá, yóò di ìyeyè. A ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó gbé mì ní 517 nánòmítà:

Ìdá tí a dá dúró nínú ọgọ́rùn-ún = (A₀ − A₁) ÷ A₀ × 100

Bí A₀ bá jẹ́ 0.80, tí A₁ sì jẹ́ 0.32, a ti dá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dúró. Àmọ́ magnetáìtì dúdú, òun náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí a kò bá fi òòfà fà á kúrò kí a tó wo ẹ̀rọ, A₁ yóò ga ju bó ti yẹ lọ, èérún náà yóò sì dà bí aláìlágbára.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fara balẹ̀ yóò ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ní ìpín 9.5, a ní irin ń bí ràdíkà. Níhìn-ín, a ní èérún kan náà ń pa ràdíkà. Àwọn méjèèjì jẹ́ òtítọ́, ibi tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀ ló yàtọ̀. Nínú ìgò DPPH, kò sí hydrogen peroxide, pH kò sì wálẹ̀ débi tí irin yóò fi yọ́. Polifẹ́nọ́ọ̀lù tó wà níta nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lára bakitéríà, hydrogen peroxide wà, irin lè yọ jáde díẹ̀díẹ̀, àwọn polifẹ́nọ́ọ̀lù kan tilẹ̀ lè dá Fe³⁺ padà sí Fe²⁺, kí iná Fenton má bàa kú. Ìdí nìyí tí àbájáde DPPH tó dára kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí pé èérún kan yóò dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì sọ ìwọ̀n tó lò.

9.7 Ìlò rẹ̀ àti ààlà rẹ̀

Mímú omi mọ́ ni ìlò tó bá ìwà rẹ̀ mu jù: a dà á sí omi, ó ṣiṣẹ́, a fi òòfà kó o. Àwọn mìíràn ń wò ó fún aṣọ tí a fi ń di ọgbẹ́ àti fún ike tí a ń fi oúnjẹ sí.

Èròjà rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Agbègbè Asante kún fún oko kòkó, èèpo èso kòkó sì sábà máa ń jẹrà sínú oko. Ní yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef ń darí fi omi èèpo kòkó ṣe èérún nánò fàdákà ní 2016, wọ́n sì dán an wò lórí kòkòrò àrùn, lórí ràdíkà, àti lórí ìdin ẹ̀fọn. Fàdákà ń pa bakitéríà gidigidi, ṣùgbọ́n òòfà kì í fà á. Irin pọ̀, kò sì wọ́n bíi fàdákà; àlòkù irin tó wà ní Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì Kumasi pọ̀ sí jù, lè di iyọ̀ irin bí a bá fi ásíìdì yọ́ ọ, tí a sì yọ àwọn irin mìíràn tó lè wà nínú rẹ̀ kúrò.

Èérún irin tí a bò ti wọ ara ènìyàn gẹ́gẹ́ bí oògùn: ní 2009, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ferumoxytol, tí ṣúgà alásopọ̀ bò, fún àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó ní àrùn kíndìnrín. Wọ́n tún kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ lẹ́yìn náà nítorí pé ara àwọn kan kọ̀ ọ́ gidigidi. Èyí tí a fi omi ewé bò kò tíì dé ibẹ̀ rárá. Ewé kì í jọ ara wọn láti igi dé igi àti láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀rùn, nítorí náà ìbora oní lè yàtọ̀ sí ti oṣù tó ń bọ̀. Irin tó pọ̀ jù lára ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Eruku èérún nánò kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bo imú, kí ó sì máa tọ́jú èyí tí kò bá fẹ́ lò ní gbígbẹ sínú omi.

9.8 Kókó orí yìí

Ewé ló ń mú èròjà wá, irin ló ń jẹ́ kí a lè kó o padà. Àwọ̀ dúdú kò tó láti fi dá magnetáìtì mọ̀. Irin lè bí ràdíkà, ìbora lè pa á. Ibi tí èérún wà ló ń pinnu èyí tó borí. Láìsí èérún àìbò àti omi ewé nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbájáde kankan kò ní ìtumọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé àwọn wọ̀nyí: (a) èérún nánò, (b) ràdíkà, (d) MIC, (e) superparamagnetism.
2. Kúúbù irin kan ní ẹ̀gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Bí a bá gé e sí kúúbù oní nánòmítà 20, mélòó ni àpapọ̀ ara rẹ̀ yóò jẹ́?
3. A fi ásíìdì yọ́ irin àlòkù gíráàmù 1.68, a sì sọ ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ di Fe³⁺. Gíráàmù mélòó ni Fe₃O₄ tí a lè rí? (Fe = 56, O = 16)
4. Akẹ́kọ̀ọ́ kan da omi ewé ewúro sínú FeCl₃, ó sì rí àwọ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀. Kọ ìdánwò méjì tí yóò kọ́kọ́ ṣe kí ó tó pè é ní magnetáìtì, kí o sì sọ ohun tí yóò rí bí ó bá jẹ́ aró tánìnì.
5. Ká ní a rí àyè àìhù wọ̀nyí lórí *S. aureus*, nígbà tí pépà náà fẹ̀ ní mílímítà 6: omi ewé nìkan, 14, èérún àìbò, 6, èérún tí a bò, 11, omi lásán, 6. Olùwádìí kan ní ìbora ti dín agbára ewé kù. Sọ ìdí mìíràn tó lè fa àbájáde yìí, kí o sì ṣètò ìdánwò tí yóò fi hàn èyí tó jẹ́ òótọ́.
6. Nínú ìdánwò DPPH, A₀ jẹ́ 0.75. A₁ jẹ́ 0.45 nígbà tí èérún ṣì wà nínú omi, ó sì jẹ́ 0.30 lẹ́yìn tí a fi òòfà fà á kúrò. Ṣe ìṣirò ìdá tí a dá dúró ní ìgbà méjèèjì, kí o sì sọ èyí tó yẹ kí a kọ sínú ìròyìn àti ìdí rẹ̀.
7. *Iṣẹ́ ẹgbẹ́.* Ẹ mú ewé tàbí èèpo mẹ́ta tí ẹ lè rí ní ọjà àdúgbò yín. Ẹ se wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kán FeCl₃ díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ àwọ̀ tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ fi mọ èyí tí tánìnì rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ sì gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan.